Àwọn Ibi Ìtàn Tí A Rìn Dé, àti Èyí Tí Ó Wà Nílé

Lọ́dọọdún tí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí bá jáde, ìròyìn ọ̀nà, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti owó ẹgbẹ́ ni ó máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ní ọdún yìí, a tọrọ àyè díẹ̀ lọ́wọ́ olóòtú láti sọ̀rọ̀ lórí ohun mìíràn. Fún ọdún púpọ̀ ni a ti ń fi ìsinmi ilé-ìwé rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbà mìíràn àwa nìkan nínú ọkọ̀ èrò, láti wo àwọn ibi ìtàn àti àwọn igbó tí ìjọba dá sí. A rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run àti iṣẹ́ àwọn baba ńlá ni a ń lọ wò. A rí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni iṣẹ́ àwọn tí ó ṣọ́ wọn.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ìlobùú ni a bí wa sí. Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni a bí ìyá wa sí. Ní ìgbà èwe wa, bí a bá ní a fẹ́ lọ kí ìyá ìyá wa, a ó kàn wọ bàtà ni, a kì í di ẹrù. Nítorí náà, bí a bá sọ pé “tiwa” nínú ìwé yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú kan ṣoṣo ni a ní lọ́kàn.

Ní Ọ̀yọ́-Ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ wọ̀ wá lára. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó nínú kíláàsì ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni olú-ìlú Aláàfin wà kí ogun tó tú u ká láàárín ọdún 1830 sí 1840, tí Ọba Àtìbà sì fi tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Àwa fúnra wa ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a dúró lórí ilẹ̀ náà, tí kò sí ariwo kankan bí kò ṣe ti ẹyẹ àti ti ọ̀bọ, tí a rí ibi tí odi ìlú gbé ga bí ebè ńlá láàárín igi, tí àpáàdì ìkòkò fọ́n kálẹ̀ bí ewé, ìgbà náà ni a tó gbà lọ́kàn wa pé àwọn ènìyàn ti sùn, ti jí, ti ná ọjà, ti sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀ rí. Wọ́n fi ihò àpáta Àgbàkú hàn wá, níbi tí àwọn ará ìlú ń sá pamọ́ sí nígbà ogun. Wọ́n fi ibi tí ọjà Àkẹ̀sán wà hàn wá. Igi ni ó kún ibẹ̀ báyìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a kó lọ mú àpáàdì kékeré kan sí àpò. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí ó ń mú wa kiri rí i. Kò lù ú, kò sì pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, níbo lo ti he é?” Ọmọ náà nàka sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ní, “Ó yá, jẹ́ ká lọ. Bó ṣe wà lo máa gbé e sí.” Báyìí ni gbogbo wa ṣe rìn padà tó ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15 nínú oòrùn, nítorí àpáàdì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Inú bí wa díẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí omi ti tán lọ́wọ́ wa, awakọ̀ sì ń dúró. Láti ìgbà náà wá, bí a bá rántí Ọ̀yọ́-Ilé, ọkùnrin yẹn ni a máa ń kọ́kọ́ rántí kí a tó rántí odi ìlú.

Igbó náà kò ṣàdédé wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936 ni ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà ti pa ààlà sí igbó ọba tí ó wà ní apá òkè odò Ògùn. Ní ọdún 1941 ni wọ́n pa ààlà sí ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ní ọdún 1952, wọ́n sọ méjèèjì di igbó tí a kò gbọdọ̀ ti dẹ ẹran; ní ọdún 1991, a pa wọ́n pọ̀ di ọgbà igbó ti ìjọba àpapọ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì, Ìkòyí-Ilé, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti àwọn ìlú mìíràn ni ó yí i ká. Gbogbo wọn ni ó ń sọ pé “igbó wa”, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè gbé ọkọ́ wọ ibẹ̀ lọ kọ ebè. A kò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Àwọn ọdẹ ń jí ẹran pa níbẹ̀, àwọn darandaran ń kó màlúù wọ̀ ọ́, ọ̀nà ibẹ̀ sì burú. Bákan náà, ẹni tí oko baba rẹ̀ bọ́ sí inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó lè sọ. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí wọ́n ti dá irú ọgbà igbó yìí sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Yellowstone ní ọdún 1872, ìran àwọn onílẹ̀ tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ kò tíì gbàgbé. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ilẹ̀ tí a pa ààlà rẹ̀ kí ẹnì kan lè gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì, àti ilẹ̀ tí a pa ààlà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè bà á jẹ́. A bẹ òǹkàwé kí ó fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sápá kan, nítorí a ó padà sí i.

Láti ibẹ̀ ni ó ti wù wá láti rí erin. Kí ọmọ Ìlobùú máa wá erin kiri kò yẹ kí ó jẹ́ ìyanu fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìtàn ìlú wa kò lè ṣe láìdárúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni Láàrósìn tí ó tẹ ìlú wa dó. Ọdẹ náà sì ni Erinlẹ̀, ẹni tí àwọn àgbà sọ pé ó fi ibi tí ìlú wà lónìí han Olóbùú àkọ́kọ́, tí ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà ogun, tí ó sì wọ ilẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan tí ó di odò. Erin wà nínú orúkọ rẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n ní gbogbo agbègbè Ìlobùú àti Ifọ́n lónìí, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ erin hàn ọmọ rẹ̀. A lọ títí dé Yankari ní ilẹ̀ Bauchi kí a tó rí i. Igbó náà fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóòró. Ní ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn àlejò, ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991, a sì dá a padà fún Ìpínlẹ̀ Bauchi ní ọdún 2006. A wẹ̀ nínú omi Wikki tí ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ kejì, ní kùtùkùtù, agbo erin kan sọdá níwájú wa, ìyá níwájú, ọmọ láàárín. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tí ọ̀nà Bauchi bá jìn sí, kí ó mọ̀ pé erin díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní Òkòmù ní ilẹ̀ Ẹdó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà jẹ́ kí ènìyàn rí wọn.

Òkè Ìdànrè, pẹ̀lú àtẹ̀gùn 660 rẹ̀, àti omi Olúmirìn tí ń já láti òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, a ti gùn wọ́n, orúnkún wa sì lè jẹ́rìí sí i. Àwọn tí ó ti lọ mọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò tíì lọ fi ojú ara wọn rí i. Èsìẹ́ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwa olùkọ́. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní 800, ọkùnrin àti obìnrin, púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, irun dídì àti ilà ojú wọn sì hàn kedere. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bu ọlá fún wọn kí ẹnikẹ́ni láti òde tó gbọ́ nípa wọn. Ẹni tí ó ròyìn wọn fún ìjọba ní ọdún 1933 ni Ramshaw, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bẹ àwọn ilé-ìwé ìjọ wò. Ní ọdún 1945, ilé tí a kọ́ fún àwọn ère náà di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kenneth Murray tí ìjọba fi ṣe olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1943, tí ó sì dá èyí tí ó wà ní Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1957, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni òun náà nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. A kò sọ èyí láti fi yin ara wa. A sọ ọ́ nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ibi ìtàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti àwọn mínísítà nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ní ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sún mọ́ ilé. Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀, a sì ń padà lálẹ́. Igbó Ọ̀ṣun tí ó wà níbẹ̀, hẹ́kítà 75, ni àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ibi méjì péré ni Nàìjíríà ní nínú ìwé yẹn. Èkejì ni Sukur, ìlú orí òkè kan ní Adamawa, tí wọ́n kọ ní ọdún 1999. Ní oṣù Ògún ọdọọdún ni àwọn ènìyàn ń wá láti gbogbo ayé fún ọdún Ọ̀ṣun. Nígbà tí a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin kan gbọ́ ìtàn bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tí ó jẹ́ ọdẹ erin ṣe dé etí odò, tí wọ́n gé igi lulẹ̀, tí ìkòkò aró Ọ̀ṣun fọ́, tí odò náà sì sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ parí, ó yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtàn tiwa náà mà nìyí. Ọdẹ wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í wá sí tiwa?”

A dá a lóhùn lọ́jọ́ náà bí olùkọ́ ṣe máa ń dáhùn nígbà tí kò ní ìdáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni a lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a rí ni ó sì jẹ́ kí a kọ ìwé yìí.

Ní ọdún 1950 ni Ulli Beier, ará Jámánì, wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Susanne Wenger, ọmọ Graz ní ilẹ̀ Austria. Ìbàdàn kò bá wọn lára mu, nítorí wọ́n fẹ́ wà láàárín àwọn ènìyàn. Wọ́n kó lọ sí Ẹdẹ, níbi tí Àjàgẹmọ, olórí àwọn ọlọ́bàtálá, ti mú obìnrin náà mọ́ra. Láti Ẹdẹ, ibi tí wọ́n kó wá ni Ìlobùú. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìlobùú wa yìí. Obìnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà ti gbé láàárín wa kí ó tó gbé ní Òṣogbo. Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ wa ni ọkọ rẹ̀ rí àwọn ère mímọ́ tí ó wà nínú àwọn ojúbọ ìlú wa, tí ó ya àwòrán wọn, tí ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí wọn ní ọdún 1957. Àkọlé ìwé náà sọ pé ti ìlú Yorùbá kékeré kan ni àwọn ère náà. Ìlú kékeré náà ni Ìlobùú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó lọ sí Òṣogbo. Ẹ má ṣe rò pé igbó Ọ̀ṣun ń dán nígbà náà. Àwọn ojúbọ rẹ̀ ti ń wó, ikán ti ń jẹ àwọn òpó, àwọn agégi ti ń wọ inú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti ń wo ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a lè fi dá oko. Àwọn olóòrìṣà tí ó kù ni wọ́n bẹ Àdùnní pé kí ó bá àwọn tún un ṣe. Kò dá a ṣe. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, ni ó fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń rí níbẹ̀. Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, Kasali Akangbe gbẹ́ igi. Ní ọdún 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ dé hẹ́kítà 75 tí a sọ. Àdùnní wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn kò ju èyí lọ. Odò Òṣogbo kò ga ju odò wa lọ. Ní Òṣogbo, àwọn onílé bẹ àlejò pé kí ó bá wọn tún ilé ṣe, àwọn ọmọ ìlú gbé sìmẹ́ǹtì àti ẹyá, ìjọba sì fọwọ́ sí i. Ní ọ̀dọ̀ wa, a jẹ́ kí àlejò ya àwòrán, kí ó sì máa lọ.

Níbo ni àwọn ère náà wà báyìí? Àwọn kan jóná, ikán jẹ àwọn kan. Àwọn kan wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú òyìnbó. Mákù àti ọmọ rẹ̀ Tóìbo, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí ó jẹ́ aládùúgbò wa, orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn tí ń tọ́jú ère ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Bi ọmọ ogún ọdún ní Ẹ̀rìn, ní Ìlobùú tàbí ní Ifọ́n léèrè bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Tóìbo rí. A ti bi wọ́n. Wọ́n ní ṣé agbábọ́ọ̀lù ni.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni ohun tí àwọn ará òde mọ̀ nípa wa tí àwa kò mọ̀. Ní Kúbà, àwọn ọmọ àwọn ẹrú ilẹ̀ wa ń pe Erinlẹ̀ ní Inle. Oníṣègùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Ráfáẹ́lì áńgẹ́lì. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n ní Ibualama, tí ó jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ibú odò Erinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni odò wa ṣe fi orúkọ ibú rẹ̀ ránṣẹ́ kọjá òkun. Ti Ifọ́n tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrìṣàńlá ní Bahia ní ìrísí méjì. Àgbà nínú wọn, ẹni tí ó tẹ̀ kòlòbà, tí ó wọ funfun, tí ó ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, Oxalufã ni orúkọ rẹ̀. Òrìṣà Olúfọ́n ni. Pierre Verger, ará Faransé tí ó pẹ́ láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ifọ́n tí kò jìnnà sí Òṣogbo ni Ifọ́n náà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí àìmọye àwọn ará Bahia bá wọ aṣọ funfun tí wọ́n ru omi lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, Òrìṣàńlá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní lọ́kàn. Ìlú méjì tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì ni ayé ń pe orúkọ wọn papọ̀ ní òkè òkun.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òǹkàwé ìwé yìí jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ẹni tí ń kọ ọ́ náà kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ bọ odò. Àwọn tí ń lọ wo ilé àwọn ọba àtijọ́ ní Íjíbítì kì í sìn wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé odò náà wà, ìtàn náà wà, omi náà sì wúlò. Omi Erinlẹ̀ ni wọ́n dí ní Ẹdẹ tí wọ́n fi ń fún àwọn ìlú àyíká ní omi ẹ̀rọ, Òṣogbo pẹ̀lú. Ẹ sì ti rí ohun tí ìwakùsà wúrà ní apá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun dà, tí ó ń ṣàn ní àwọ̀ ẹrẹ̀ láàárín igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé. Orúkọ nínú ìwé nìkan kò lè ṣọ́ odò.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ tí a ní kí òǹkàwé fi pamọ́. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú rẹ̀ ni Ìrẹ́pọ̀dùn. Ti Ifọ́n ni Orólù. Ní ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítorí ìjà ààlà ilẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ẹni tí ó jẹ̀bi kọ́ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín; ilé ẹjọ́ wà fún ìyẹn, a sì ní ẹ̀jẹ̀ ìlú méjèèjì lára. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ kékeré kan tí a dáwọ́ lé ni a fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn, a ra ìwé kan tí ó nípọn, a pín in sí méjì. Ní ìdajì àkọ́kọ́, a ń kọ orúkọ àwọn ibi tí ó wà ní ìhà Ìlobùú sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà: ibú odò, ojúbọ, ọ̀nà àtijọ́, ojú ọjà tí a ti fi sílẹ̀, ibi tí odi ìlú gbà kọjá, àti ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdajì kejì, a fẹ́ ṣe bákan náà fún ìhà Ifọ́n. Àbúrò ìyá wa ni ó ṣèlérí láti mú wa kiri ibẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí igi ìdí ọ̀nà tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbìn ín. A ti dá ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni wàhálà náà dé. Ó pè wá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, má tíì wá o. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, èmi náà ni n ó pè ọ́.” A ní, “A gbọ́, bàbá. Ẹ tọ́jú ara yín.” Ìgbà tí ọ̀nà là, ó ti wà lórí ibùsùn. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. A sin ín ní Ifọ́n, àwọn ọmọ Ìlobùú sì wà níbi ìsìnkú náà, àwa sì rí wọn.

Àwọn ojúewé ìhà Ifọ́n ṣì ṣófo nínú ìwé náà. Àwọn tí ń jà sí ilẹ̀ mọ iye ilẹ̀ tí ó wà nínú ìjà. A kò mọ ẹnikẹ́ni tí ó ka iye orúkọ tí ó bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀ ní àkókò tí a kò lè dé ọ̀dọ̀ ara wa.

Nítorí náà, àwọn ohun tí a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, bí ẹ bá ní ìwé Beier ti ọdún 1957 tàbí tí ẹ bá lè rí i ní ilé ìkàwé tí ó wà nítòsí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá ẹ̀dà rẹ̀ fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí ẹ bá wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí ẹ rí ère tí a kọ Ìlobùú, Ifọ́n tàbí Ẹ̀rìn sí lára, ẹ ya àwòrán rẹ̀ àti ti ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, bí bàbá tàbí ìyá yín bá mọ ibú kan nínú Erinlẹ̀, ẹ pè wá kí ilẹ̀ tó ṣú. A sì ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ti Ifọ́n, kí àwọn méjèèjì lè jọ wo bóyá etí odò àti àwọn igbó àtijọ́ díẹ̀ tí ó kù ni a lè pa ààlà sí bí ti Ọ̀yọ́-Ilé, kí ó má jẹ́ ti ìlú kan, kí ẹnikẹ́ni má sì lè gbé ọkọ́ wọ ibẹ̀.

Ọmọ àbúrò ìyá wa, obìnrin tí ń ta aṣọ ní ọjà Ifọ́n, ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní òun máa ń bá bàbá òun lọ sí oko nígbà tí òun wà ní kékeré, òun sì lè mú wa dé ibi mẹ́ta nínú àwọn ibi tí ó ń sọ. Ti ẹ̀kẹrin ni kò dá òun lójú mọ́. Ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ìsinmi ilé-ìwé ni a fi àdéhùn sí. Ọmọbìnrin tí ó bi wá léèrè lọ́jọ́sí ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Ó ní òun máa bá wa lọ, òun ni òun ó sì gbé ìwé náà dání.